Ẹ Yí Orí Rẹ̀ Sí Pẹpẹ

Ọmọ Wúsù ló kọ́kọ́ ṣì í gbé kalẹ̀.
Àwọn mẹ́fà gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé,
ẹsẹ̀ síbi pẹpẹ, orí síbi ilẹ̀kùn,
bí a ó ti tẹ́ gbogbo wa.
Mo ní, Ẹ yí i.
Wọ́n wò mí bí arúgbó tó ń ṣarán.
Mo ní, Èmi Dòsù, tí mò ń tan àbẹ́là ní Àjàrà
láti ìgbà tí imọ̀ ọ̀pẹ ti jẹ́ òrùlé ilé yìí,
mo ní ẹ yí orí rẹ̀ sí pẹpẹ.

Bó bá kan irú tèmi,
ẹ jẹ́ kí n máa wo pẹpẹ, òun ni mo ń wò láyé.
Àlùfáà kọ́. Àwa ni àlùfáà ń wò.
Ọdún mọ́kànlélógójì ni Fàdá Ànsẹ́lẹ́mù fi dúró níbẹ̀ yẹn,
ẹ̀yìn rẹ̀ sí ògiri, ojú rẹ̀ sí wa.
Ó mọ ẹni tó ń tòògbé nígbà ìwàásù.
Ó mọ ìjókòó tó ṣófo, àti ìdí tó fi ṣófo.
Kí la fẹ́ kó máa wò lónìí?

Wọ́n yí i. Igi han lórí sìmẹ́ńtì.
Igi tí Wúsù fi ń kan ọkọ̀ ni;
ó ní òun ò mọ ọ̀nà mìíràn tí a ń gbà kan pósí,
ó sì fi ọ̀dà dí gbogbo ojú ìsopọ̀ rẹ̀
bí ẹni pé orí ọ̀sà Àgbádárìgì ni a ó gbé e lé.
Kò sí tábìlì lábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ lásán ni.
Ilẹ̀ náà ló dojú bò
lọ́jọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù gbé ọwọ́ lé e lórí,
ó nà gbọọrọ bí àjẹ̀ ọkọ̀.
Nísinsìnyí, ó kàn dojú sókè ni.

Sísítà Kọlẹ́tà ṣí ìwé Ìhìnrere lé àyà pósí.
Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń ṣí i lójú ewé sí ojú ewé
bí ẹni tó ń wá ibi tí a kà dé.

Fàdá kékeré tó wá láti Èkó bi mí:
aṣọ ọwọ́ rẹ̀ dà?
Aṣọ funfun tí a fi nu òróró mímọ́ kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lọ́hùn-ún.
Mo ní, Ó ti lọ ṣáájú.
Fídélíà ìyá rẹ̀, tó ń ṣe àdí àgbọn ní Tòpó, ló mú un lọ.
Ọmọ fúnra rẹ̀ ló fi so ọwọ́ ìyá,
ó so ó rọra,
bí a ti ń so okùn ọkọ̀ tí a mọ̀ pé yóò tún ṣí.
Bí ìyá bá dé ibodè, tí wọ́n bi í pé ẹrù rẹ̀ dà,
kó ṣáà na ọwọ́.
Òórùn òróró á sọ ìyókù.

Ọ̀já ọrùn rẹ̀ àkọ́kọ́ ńkọ́,
elésè àlùkò tó fi gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀,
èyí tó jẹ́ ti bàbá?
Mo dákẹ́.

Omi ló gbé bàbá rẹ̀ lọ. A ò rí òkú rẹ̀, a ò kan pósí.
Ìyá tèmi ló kú tẹ̀ lé e.
Èmi náà ti wà nílé ẹ̀kọ́ àlùfáà rí,
oṣù mẹ́rin péré, mo padà wálé,
ìyá mi ò sì bá mi sọ ọ́ títí tó fi kú.
Lálẹ́ ọjọ́ tí a fẹ́ sin ín, Ànsẹ́lẹ́mù wọlé,
ó ti ilẹ̀kùn, ó yọ ọ̀já náà lápò,
ó fi wé ọwọ́ ìyá mi.
Ó ní, Bí wọ́n bá bi í, kó ní òun náà bí.

N ò sọ ọ́ fún Fàdá kékeré.
Mo fún un ní àwo tùràrí, mo fẹ́ná sí èédú.
Èéfín gòkè, ó fọ́n ká, ó bo ojú wa.
Mo lọ sí ìjókòó kẹta lápá òsì,
ibi tí mo ti máa ń tòògbé.
Mo jókòó.
Mo la ojú mi.